Kì í Ṣe Abala 308 Ló Ń Gbà Wọ́n Sílẹ̀

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ọjọ́ tí sáà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi gómìnà Èkìtì parí gan-an, Ayọ̀délé Fáyóṣé gbé báàgì, ó di ilé iṣẹ́ EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìkówójẹ, l'Ábújá. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà sí àyà ẹ̀wù tó wọ̀, lédè òyìnbó, pé EFCC, mo ti dé. Ní gbogbo ọdún mẹ́rin tó fi wà lórí àga, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo làwọn tó fẹ́ rí i nílé ẹjọ́ ń sọ: Abala 308 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ni kò jẹ́ kọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó dáa. Abala 308 bọ́ lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin náà sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé tọ̀ wọ́n. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e dé ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó lórí ẹ̀sùn owó tó lé ní ₦6 bílíọ̀nù. Nígbà tí adájọ́ yóò fi dá ẹjọ́ náà, oṣù Keje ọdún 2025 la wà. Adájọ́ ní ẹ̀rí tí EFCC kó sílẹ̀ kò tó èyí tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ rojọ́ rárá, ó ní kí Fáyóṣé máa lọ sílé.

Ilé ẹjọ́ ti sọ tirẹ̀ lórí bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, n kò ní fi tèmi kún un. Ọdún ni mo fẹ́ ká jọ kà. Ọdún mẹ́rin ló fi wà lábẹ́ ààbò òfin ní sáà kejì rẹ̀ yẹn. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún méje tí ẹjọ́ fi ń fà lẹ́yìn tí ààbò ti tán. Bí ààbò tí wọ́n ń pè ní ìmúnítì yìí bá jẹ́ ìdènà, kí ló wá dènà fún ọdún méje?

Mo béèrè nítorí pé ó ṣòro láti rí ọ̀rọ̀ ìṣèlú mìíràn tí ẹnu gbogbo wa kò lé lórí báyìí nílẹ̀ yìí. Ẹ tan rédíò n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ní kí àwọn olùgbọ́ pè wọlé: "Ẹ yọ ìmúnítì, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá wọ́n á tún jalè!" Ẹ dúró ti àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Pásítọ̀ ń sọ ọ́, lèmọ́ọ̀mù ń sọ ọ́, àwọn amòfin àgbà ń sọ ọ́. Àwọn tó ń du ipò gómìnà pàápàá ń sọ ọ́, títí wọ́n á fi wọlé. Olóògbé Umaru Yar'Adua sọ ọ́ nígbà tó di Ààrẹ lọ́dún 2007. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Ilé Aṣojú-ṣòfin l'Ábújá fọwọ́ sí kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì àbá òfin kan tí yóò yọ ààbò náà kúrò lára igbákejì Ààrẹ, àwọn gómìnà àti igbákejì wọn. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ, ariwo sì ta káàkiri pé ẹ ò rí i, ara wọn ni wọ́n ń gbè.

Tèmi yàtọ̀. Mo ní kí wọ́n fi Abala 308 sílẹ̀ bó ṣe wà, ní ti ẹjọ́ ọ̀daràn. Kì í ṣe pé gómìnà kankan wù mí. Ohun tó ń gba olè sílẹ̀ ní Nàìjíríà kò sí nínú abala yẹn, bí a bá sì yọ ọ́ láìfọwọ́ kan ibi tí ohun náà wà, pàṣán la kàn fi lé Ààrẹ lọ́wọ́ kó máa fi na gómìnà tí ojú rẹ̀ kò bá fẹ́ rí.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú abala yìí kò kà á rí, bẹ́ẹ̀ kò sì gùn. Ó ní a kò gbọdọ̀ pe Ààrẹ, igbákejì rẹ̀, gómìnà tàbí igbákejì gómìnà lẹ́jọ́ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà nípò, ìbáà jẹ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, ìbáà jẹ́ ti gbèsè. A kò gbọdọ̀ mú wọn, a kò gbọdọ̀ tì wọ́n mọ́lé, ilé ẹjọ́ kò sì lè fi ìwé pè wọ́n ní tipátipá. Irú rẹ̀ gan-an wà nínú ìwé òfin ọdún 1979. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í kà fún wa lórí rédíò: àwọn ọdún tí ẹni náà fi wà nípò kò sí lára ọdún tí òfin máa ń kà kó tó sọ pé ẹjọ́ kan ti pẹ́ jù. Aago dúró dè é. Ìdádúró ni òfin fún un, kò fún un ní ìdáríjì. Ẹjọ́ ìdìbò kò sí lábẹ́ ààbò yìí, ìdí nìyẹn tí ilé ẹjọ́ fi ń yọ gómìnà lórí àga tí kò sí ẹni tó ń bá wọn jà pé kí ló dé. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ rẹ, o lè pe gómìnà lẹ́jọ́ lórúkọ ipò rẹ̀, kò sí ìmúnítì tó máa dá ọ dúró.

Ìwádìí náà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Olóògbé Gani Fawẹ̀hìnmi ló jẹ́ kí èyí dájú. Ó ní kí ọlọ́pàá wádìí gómìnà Èkó ìgbà náà, Bọ́lá Tinúbú tó ti di Ààrẹ lónìí, lórí àwọn ilé ìwé tó ní òun lọ. Wọ́n ní ìmúnítì kò ní jẹ́. Gani kò gbà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àwọn adájọ́ sì sọ lọ́dún 2002 pé kò sí ibi tí òfin ti ní kí ọlọ́pàá má wádìí gómìnà. Kí wọ́n kó ẹ̀rí jọ, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí yóò kúrò nípò. Àmọ́ wọ́n ní àwọn kò ní fipá mú ọlọ́pàá wádìí ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ọlọ́pàá ló kù sí. Ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn, a ṣì máa nílò rẹ̀. Gómìnà tó bá ṣe sáà méjì á lo ọdún mẹ́jọ. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni òfin fún EFCC, ICPC àti ọlọ́pàá láti ka ìwé ìnáwó, kí wọ́n bi báńkì léèrè, kí wọ́n lọ wo ọ̀nà tí wọ́n ní àwọn ṣe tí kò sí, kí fáìlì sì ti wà lórí tábìlì lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà bá bọ́ sílẹ̀. Kí ló dé tí fáìlì kì í fi í sí níbẹ̀?

Àní, wọn kò tilẹ̀ ní láti dúró di ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká wo bí owó ṣe ń jáde nílé ìjọba ìpínlẹ̀. Gómìnà kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ka owó. Òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka ìjọba ni yóò kọ ìwé ìbéèrè. Akọ̀wé àgbà ẹ̀ka náà á buwọ́ lù ú, kọmíṣánnà á buwọ́ lù ú, ìwé á wá gba ọ́fíìsì gómìnà lọ. Gómìnà á kọ ọ́ sí etí ìwé pé òun fọwọ́ sí i, á fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ìwé á padà sọ́dọ̀ aṣírò-owó àgbà, wọ́n á kọ fáùṣà, ọ̀dítọ̀ inú ilé á tẹ òǹtẹ̀ lé e, àwọn tí orúkọ wọn wà ní báńkì á fọwọ́ sí i, mánijà báńkì á sì tú owó sínú àpò agbaṣẹ́ṣe kan tí kò tí ì gbé ṣọ́bìrì rí. Nínú gbogbo àwọn tí ìwé yìí gba ọwọ́ wọn kọjá, ẹnì kan péré ni Abala 308 bò. Àwọn yòókù, ẹ lè lọ kó wọn kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ nílẹ̀ yìí kò ní ìmúnítì kankan, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ń kọ́lé, ó ń ṣe ìnáwó, a sì ń lọ jẹun níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, EFCC mú Ahmed Idris, aṣírò-owó àgbà fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, pẹ̀lú ipò rẹ̀ lọ́wọ́, lórí ẹ̀sùn owó ₦80 bílíọ̀nù. Wọ́n lè ṣe é, nígbà náà, bó bá wù wọ́n.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé àwọn tí ìmúnítì ti bọ́ lára wọn, ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Orji Uzor Kalu ṣe gómìnà Abia láti 1999 di 2007. Ọdún 2007 náà ni wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni adájọ́ tó dá a lẹ́bi, ó ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 12. Ó ti di sẹ́nétọ̀ nígbà náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ní kò jalè. Wọ́n ní adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà ti gba ìgbéga lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kó tó parí rẹ̀, kò sì yẹ kó padà wá jókòó síbi tó ti kúrò. Bí ọdún méjìlá ṣe lọ nìyẹn, sáà gómìnà mẹ́ta gbáko, lórí ọ̀rọ̀ pé àga wo ni adájọ́ jókòó lé. Joshua Dariye ti Plateau kúrò nípò lọ́dún 2007, ẹjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n dá a lẹ́bi lọ́dún 2018. Lọ́dún 2022 Ààrẹ Muhammadu Buhari foríjì í, òun àti Jolly Nyame tó ṣe gómìnà Taraba. Diepreye Alamieyeseigha ti Bayelsa fẹnu ara rẹ̀ sọ nílé ẹjọ́ lọ́dún 2007 pé òun jẹ̀bi. Goodluck Jonathan, tó ti ṣe igbákejì fún un rí, ló foríjì í lọ́dún 2013.

Ti James Ibori ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹ̀sùn 170 ni EFCC kà sí gómìnà Delta tẹ́lẹ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Asaba gbá gbogbo 170 dànù, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ní oṣù Kejì ọdún 2012, Ibori dúró níwájú ilé ẹjọ́ Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní òun jẹ̀bi, wọ́n fún un lẹ́wọ̀n ọdún 13. Nígbà tí Asaba ń dá a sílẹ̀, ìmúnítì rẹ̀ ti tán láti ọdún méjì ó lé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó gbà á sílẹ̀ nílé tí kò rí i gbà sílẹ̀ lóko, ẹ má wá a sí Abala 308.

Ẹnì kan yóò ní: ó dáa, ilé ẹjọ́ wa ń falẹ̀, ìyẹn ò ní ká má yọ ìmúnítì. Ṣé ilé ẹjọ́ wa ń falẹ̀ ni? Adájọ́ àgbà ilẹ̀ wa kò ní ìmúnítì, ẹ jẹ́ ká wo ti Walter Onnoghen tó wà nípò náà lọ́dún 2019. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, ẹnì kan kọ̀wé pé Onnoghen kò kéde àwọn àpò owó rẹ̀ kan. Láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n ti kọ ẹ̀sùn sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù náà, Ààrẹ ti ní kó lọ rọ́kún nílé, ó ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Àṣẹ tó di mú ni èyí tí ilé ẹjọ́ náà fún un láìgbọ́ tẹnu Onnoghen. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, wọ́n ti dá a lẹ́bi. Ẹ̀sùn, àyẹ̀wò, ìdájọ́, oṣù mẹ́ta péré! Orílẹ̀-èdè tó fi ọdún méjìlá gbọ́ ẹjọ́ Kalu ló ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló ń kánjú? Ìdìbò Ààrẹ wà lóṣù Kejì ọdún náà, ọ́fíìsì Onnoghen sì ni awuyewuye rẹ̀ yóò já sí bó bá dẹjọ́. Ọdún márùn-ún ó lé kọjá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, lẹ́yìn tí ìjọba àti ọkùnrin náà ti yanjú ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kò jẹ̀bi mọ́. Ta ló máa dá àga rẹ̀ padà fún un?

Bukola Saraki náà kò ní ìmúnítì. Ó kúrò nípò gómìnà Kwara lọ́dún 2011. Fọ́ọ̀mù tó fi kéde dúkìá rẹ̀ nígbà tó jẹ́ gómìnà wà nílé ìjọba, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, ó di Ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà lòdì sí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án yóò fi dé, fáìlì ti jí dìde, Saraki ti wà nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn tó fẹ́ ká yọ ìmúnítì máa ń fi Saraki ṣe àpẹẹrẹ pé ẹ ò rí i, ó ń jẹ́jọ́, ó ń darí ilé, ìjọba ò sì wó. Òótọ́ ni, kò wó. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé fáìlì sùn títí dọjọ́ tó ṣẹ Àbújá.

Bí àìní ìmúnítì ṣe rí nìyẹn nígbà tí ẹni tó ń pẹjọ́ bá ń gba àṣẹ lẹ́nu Ààrẹ. Ẹ wá fi gómìnà 36 sípò Onnoghen.

A kò ní láti finú wòye rẹ̀, a ti rí díẹ̀ níbẹ̀. Láàárín 2005 sí 2006, wọ́n fẹ́ yọ gómìnà tó pọ̀, ìmúnítì kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n bá gba ẹ̀yìnkùlé. N'Íbàdàn, aṣòfin 18 nínú 32 kó ara wọn lọ sí hótẹ́ẹ̀lì kan ní Ring Road lóṣù Kejìlá ọdún 2005, ibẹ̀ ni wọ́n ti jókòó bí ilé ìgbìmọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Rashidi Ládọjà. (Olúbàdàn ni báyìí, kádé pẹ́ lórí, mo ń ṣọ́ ẹnu mi.) Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 tí òfin ń béèrè kì í ṣe 18, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ ìyẹn. Oṣù mọ́kànlá ni Ládọjà fi wà níta kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá a padà. Ní Plateau, mẹ́jọ nínú aṣòfin 24 ló ní àwọn yọ Dariye, ilé ẹjọ́ da ìyẹn náà nù. Ẹ wo gbogbo wàhálà tí wọ́n ṣe: hótẹ́ẹ̀lì, ọlọ́pàá, ìgbìmọ̀ ìwádìí ojú ayé. Abala 308 ló jẹ́ kí wọ́n wàhálà bẹ́ẹ̀. Láìsí i, ìwé ẹ̀sùn kan ṣoṣo àti àṣẹ adájọ́ kan tó jókòó lóun nìkan ti tó.

Bí ẹ bá sì rò pé ìgbà tí Ọbásanjọ́ jẹ́ Ààrẹ nìkan nìyẹn, ẹ rántí oṣù Kẹta ọdún 2025, tí Ààrẹ Tinúbú dá gómìnà Rivers tí wọ́n dìbò yàn dúró fún oṣù mẹ́fà, tó fi ológun tó ti fẹ̀yìn tì sípò rẹ̀. Lóṣù kejì sí i, gómìnà Delta kó gbogbo ilé rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba. Ti Akwa Ibom tẹ̀lé e lóṣù Kẹfà. Pẹ̀lú ìmúnítì lọ́rùn wọn nìyí o! Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá gómìnà kan yóò ṣẹ́ kù sí ẹgbẹ́ alátakò láàárín oṣù mẹ́ta.

Ti Ààrẹ fúnra rẹ̀ wá ń kọ́? Ká ní a yọ ìmúnítì lára òun náà. Ta ni yóò pè é lẹ́jọ́? Abala 174 fún Mínísítà ètò ìdájọ́ lágbára láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀, láti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti láti pa á tì nígbàkígbà kí ìdájọ́ tó jáde. Ààrẹ ló ń yan mínísítà náà, Ààrẹ ló sì ń lé e. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ní ti EFCC, ẹ lọ ka apá kẹta òfin EFCC ti ọdún 2004: Ààrẹ lè yọ alága rẹ̀ bó bá ti dá a lójú pé kò ṣe ìlú láǹfààní kí ẹni náà máa bá iṣẹ́ lọ. Kò ní láti bi ẹnikẹ́ni, kò ní láti gbé e lọ sílé aṣòfin. Wọ́n sì ti ń lò ó. Ìparí ọdún 2007, lẹ́yìn tí Nuhu Ribadu mú Ibori, ni wọ́n ní kí Ribadu lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Kuru. Wọ́n yọ Farida Waziri lọ́dún 2011. Wọ́n mú Ibrahim Magu lọ́dún 2020 bí ẹni mú olè. Wọ́n dá Abdulrasheed Bawa dúró lóṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS tì í mọ́lé fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ta nínú àwọn wọ̀nyí ni yóò tẹ Ààrẹ tó wà lórí àga lọ́rùn? Nítorí náà, bí a bá yọ Abala 308, Ààrẹ ṣì ní ìmúnítì tirẹ̀ nínú Abala 174. Àwọn gómìnà nìkan ni yóò wà níhòòhò.

Àwọn tó mọ Amẹ́ríkà dáadáa yóò mú Rod Blagojevich jáde. Gómìnà Illinois ni, wọ́n wá mú un nílé rẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 2008 láìdúró kí sáà rẹ̀ pé. Àpẹẹrẹ tó dára ni, ẹ jẹ́ ká wò ó tán. Patrick Fitzgerald ló gbé e lọ sílé ẹjọ́, George Bush ló sì yan Fitzgerald lọ́dún 2001. Barack Obama, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú Blagojevich, olóṣèlú Illinois bíi tirẹ̀, gbàjọba lóṣù tó tẹ̀lé e. Ó fi Fitzgerald sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ títí tí wọ́n fi dá Blagojevich lẹ́bi lọ́dún 2011. Ẹ dárúkọ Ààrẹ Nàìjíríà kan tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Amẹ́ríkà yìí kan náà, láti ọdún 1973 ni ẹ̀ka ètò ìdájọ́ wọn ti ń sọ pé àwọn kò ní pe Ààrẹ tó wà nípò lẹ́jọ́ ọ̀daràn, bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ sọ lóṣù Keje ọdún 2024 pé kódà lẹ́yìn tó bá kúrò, ọ̀pọ̀ ohun tó fi ipò ṣe kì í ṣe ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ Yahaya Bello ló le jù nínú ohun tí wọ́n lè fi dá mi lóhùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, EFCC yí ilé gómìnà Kogi tẹ́lẹ̀ yìí ká l'Ábújá, Usman Ododo tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ wa mọ́tò wọlé, EFCC sì ní òun ló gbé e jáde, torí pé ẹni tó ní ìmúnítì kò ṣeé dá dúró. Mo gbà pé ìwọ̀sí ni. Àmọ́ ara gómìnà ni òfin bò, kò bo mọ́tò rẹ̀, kò bo àlejò tó jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Ohun tí àwọn èèyàn sì ti gbàgbé ni pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Bello tí wọ́n ń wá kiri yìí wọ ọ́fíìsì EFCC fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó sì jáde padà lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó dì í mú. Ìmúnítì ta ló ń lò lọ́jọ́ yẹn?

Ibì kan wà tí mo bá àwọn alátakò mi dé, n kò sì ní fi pa mọ́: ẹjọ́ gbèsè àti ẹjọ́ láàárín ẹnì kan sí ẹnì kan. Ìwà ìrẹ́jẹ ni bó ṣe wà. Lọ́dún 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé kí ẹjọ́ owó kan tó wà láàárín iléeṣẹ́ kan àti Tinúbú, tó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di gómìnà Èkó, lọ dúró de ìgbà tó bá kúrò nípò. Lọ́dún 2007, ilé ẹjọ́ yìí kan náà ní Donald Duke, gómìnà Cross River, lè pe ìwé ìròyìn kan lẹ́jọ́ pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́, pẹ̀lú ìmúnítì rẹ̀ lára. Ẹ wo ìyẹn ná: ó lè pè ọ́, o ò lè pè é. Abdullahi Ganduje ti Kano lo àǹfààní yìí. Nígbà tí Jaafar Jaafar gbé fídíò jáde lọ́dún 2018, tó ní gómìnà náà ló ń gba dọ́là níbẹ̀, Ganduje ní irọ́ ni, ó pe akọ̀ròyìn náà lẹ́jọ́. Ọdún 2021 ló tó fà á padà, ilé ẹjọ́ sì ní kó san ₦800,000 owó ìtánràn fún Jaafar àti iléeṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n yọ ìyẹn. Gómìnà tó bá pe èèyàn lẹ́jọ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ìmúnítì sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó bá jẹ gbèsè kó tó wọlé, kó rán lọ́yà rẹ̀ lọ, kò dìgbà tó bá yọjú. Ẹjọ́ gbèsè kò lè yọ ẹnikẹ́ni nípò, kò sì sí Ààrẹ tó lè fi ṣe pàṣán.

Ní ti ẹjọ́ ọ̀daràn, ibi tí iṣẹ́ wà ni Abala 174 àti apá kẹta òfin EFCC. Kí ẹni tó ń pẹjọ́ lórúkọ ìlú má jẹ́ mínísítà mọ́, kó jẹ́ ẹni tí Ààrẹ kò lè dá lé láìsí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àgbà. Kí alága EFCC ní sáà tí kò sí ẹni tó lè gé e kúrú nítorí ó mú ọ̀rẹ́ ẹnì kan. Kí òfin ní ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ tú ẹjọ́ ká torí pé adájọ́ gba ìgbéga. Lọ́jọ́ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣẹ, tí a rí i tí wọ́n fi mú ọmọ ẹgbẹ́ Ààrẹ méjì-mẹ́ta, ẹ pè mí, èmi náà yóò bá yín kígbe kí wọ́n yọ 308.

Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, bí aṣojú yín l'Ábújá bá pè yín jọ sí gbọ̀ngàn ìlú, tó ní òun fẹ́ gbọ́ tẹnu yín lórí àtúnṣe ìwé òfin, ẹ bi í léèrè ẹni tó lè yọ alága EFCC, àti iye ìbò tó máa gbà. Bó bá jẹ́ pé ìmúnítì gómìnà nìkan ló fẹ́ yọ, ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́.